Níbo Ni Òrùlé Aláṣọ Ń Sùn? Ìtàn Kíká Òrùlé Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. Èmi náà ti kọ ọ́ sínú àròkọ láìmọye ìgbà láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó tó yé mi yékéyéké, aṣọ orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni ó sì là mí lóye.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní ìlú London tí ó ní ọkọ̀ MGB ti ọdún 1972. Ọkọ̀ oníjókòó méjì ni, aláwọ̀ ewé, òrùlé rẹ̀ kì í sì í ṣe irin. Aṣọ dúdú ni. Bí oòrùn bá ràn, a ó ká òrùlé náà sẹ́yìn. Bí òjò bá ṣú, a ó fà á padà bo orí. Làkúrègbé ti ń da ìka ọwọ́ ẹ̀gbọ́n láàmú, nítorí náà ni ó ṣe ní kí n bá òun ká òrùlé ní òwúrọ̀ kan tí òtútù mú. Mo tú ìkọ́ méjèèjì tí ó di òrùlé mọ́ orí gíláàsì iwájú, mo sì fi gbogbo agbára ti egungun irin rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìró kan. Fèrèsé ẹ̀yìn, tí a fi ike tí ó mọ́ gaara ṣe, ti sán láti etí kan dé èkejì.

Ẹ̀gbọ́n kò bú mi. Ó wo ike náà, ó wò mí, ó wá ní: "Àbúrò, aṣọ ni, kì í ṣe ẹní."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn òrùlé aláṣọ, kí n lè mọ ohun tí mo bàjẹ́. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé bí òrùlé ṣe ń ṣí ni ìtàn náà dá lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣíṣí kò le. Ibi tí a ó kó aṣọ sí lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i tán ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ọkọ̀ irú èyí tí a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ní láti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni òrùlé yóò sùn? Ìdáhùn náà ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe rí, iye ènìyàn tí yóò gbà, àti ohun tí olówó rẹ̀ yóò pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wò. Ní èdè Yorùbá, a ń ká ẹní, a sì ń ká aṣọ. Ejò pẹ̀lú a máa ká jọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń ṣe é yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń ká ẹní yóò bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, yóò máa yí i lọ títí yóò fi dé òpin; bí ó bá fún un mọ́ra, kò sí aburú kankan. Ẹni tí ó bá ń ká aṣọ ní láti wá ojú ìlà rẹ̀. Yóò mú etí kan pàdé èkejì, yóò ṣẹ́ ẹ po, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, yóò tún ṣẹ́ ẹ po. Bí ojú ìlà bá wọ́, aṣọ yóò rún. Bí aṣọ bá tutù nígbà tí a ká a sínú àpótí, yóò bu, yóò sì máa rùn. Kò sí ìyá Yorùbá kan tí ó ní àrán tàbí sányán nínú àpótí tí kò mọ èyí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún mi nìyẹn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, "ká a", mo sì mú ọwọ́ ẹní dání nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ aṣọ ni ó yẹ kí n lò.

Láti inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin

Òrùlé tí ó ń ká ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọlọ́lá a máa gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ awọ. Ọ̀kan nínú wọn ni landau, tí a fi orúkọ ìlú Landau ní ilẹ̀ Jámánì pè. Òrùlé ti landau pín sí méjì: ìdajì ń wó síwájú, ìdajì ń wó sẹ́yìn, àwọn méjèèjì a sì pàdé láàárín bí òjò bá dé. Òmíràn ni cabriolet, kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orísun ọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ èyí: ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí fífò bí ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n ti mú orúkọ náà jáde, nítorí bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe máa ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú ọ̀nà. Lónìí, orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará Faransé àti Jámánì fi ń pe ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara fífò wá di ti òrùlé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe òrùlé awọ náà rọrùn láti fojú inú wò. Wọ́n tẹ ọ̀pá igi mélòó kan kọrọdọ bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Wọ́n so ìdí gbogbo ọ̀pá náà pọ̀ mọ́ ibi kan ní ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì na awọ lé wọn lórí. Bí ọ̀pá bá ya ara wọn, awọ a nà. Bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, awọ a ṣẹ́ po láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Agboòrùn tí ó wà nílé yín náà kò jìnnà sí i. Ẹ ó rí i pé níbẹ̀ pàápàá, òrùlé kò ní ibi tí ó ń sùn sí. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ó ń jókòó lé, gègèlè, níṣojú gbogbo ayé.

Ìgbà tí aṣọ jẹ́ òrùlé tálákà

Nígbà tí Karl Benz ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1886, kò fi òrùlé kankan lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ yá òrùlé kẹ̀kẹ́ ẹṣin lò. Ọkọ̀ Model T tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1908, tí ó lé ní mílíọ̀nù 15 kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1927, aṣọ ni púpọ̀ nínú wọn fi bo orí. Kì í ṣe ti afẹ́. Ọkọ̀ tí a fi igi, irin àti gíláàsì kọ́ yíká gbọ̀n owó lórí gan-an, aṣọ sì ni ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ká.

Òrùlé ìgbà náà gùn, ó sì wúwo. Láti iwájú dé ìjókòó ẹ̀yìn ni. Ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń ká a, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, nítorí bí ẹnì kan bá fa tirẹ̀ síwájú èkejì, àwọn ọ̀pá á lọ́ mọ́ra wọn. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1910, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n òrùlé tí ẹnì kan lè dá ká, wọ́n fi ṣe ìpolówó ọjà: òrùlé ọlọ́kùnrin-kan ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ṣe lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ìtàn. Ẹni tí ó bá ń fi òrùlé tí ẹnì kan lè ká yangàn ti jẹ́wọ́ fún wa pé ìyà ń jẹ àwọn tí ó wà ṣáájú.

Àyípadà dé ní àwọn ọdún 1920. Ilé iṣẹ́ Hudson gbé ọkọ̀ Essex alórùlé líle jáde ní owó tí kò ga, wọ́n sì ń dín in kù lọ́dọọdún, títí ó fi di pé ní ọdún 1925, owó rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ aláṣọ tí ilé iṣẹ́ kan náà ń tà. Ní ọdún 1919, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà ni ó ní òrùlé líle. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1927, ó ti tó nǹkan bí ìdá 85. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ayé yí padà. Òrùlé aṣọ, tí ó jẹ́ ti ẹni tí kò lówó, wá di ti ẹni tí ó fẹ́ gbádùn atẹ́gùn. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ aláṣọ nítorí pé kò rí òmíràn rà. Ó fẹ́ ẹ ni, ó sì gbà láti máa ká aṣọ.

Ilé ahun kò gba ahun

Àwọn ará Bìrìtìkó dáhùn ìbéèrè ibùsùn òrùlé ní ọ̀nà ti ara wọn. Nínú ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí wọ́n fẹ́ràn, àyè kò sí lẹ́yìn ìjókòó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí olówó ọkọ̀ tú òrùlé kúrò pátápátá. Nígbà tí MGB jáde ní ọdún 1962, ènìyàn lè yan irú òrùlé kan tí ó jẹ́ pé a ó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ kúrò lára egungun irin, a ó ká a, a ó gbé e sínú búùtù. Lẹ́yìn náà a ó tú egungun irin sí ọ̀nà méjì, a ó tún gbé òun náà sínú búùtù. Ọkọ̀ á wá mọ́ roro, kò ní sí gègèlè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dé lójijì, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó bá ọ lójú ọ̀nà! Kí o tó to egungun pọ̀, kí o tó na aṣọ, kí o tó tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, ìwọ àti ìjókòó rẹ ti rin gbingbin. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n fi òrùlé tí ó ń ká mọ́ ara egungun rẹ̀ rọ́pò èyí. Òun ni ó wà lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ìdáhùn méjì ni wọ́n fún ìbéèrè kan náà ní ọdún kan náà, lórí ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá ni mò ń wí. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ lójú pópó wa, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Volkswagen tò ní Ọ̀jọ́ ní ìlú Èkó láti ọdún 1975, alórùlé irin ni. Ṣùgbọ́n Ìjàpá aláṣọ wà pẹ̀lú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ibi tí ọkọ̀ yòókù ń kó òrùlé sí, ẹ́ńjìnnì ti jókòó síbẹ̀.

Ní ọdún 1949, ilé iṣẹ́ Hebmüller ní òun fẹ́ kí òrùlé náà farapamọ́ pátápátá. Wọ́n ṣe é, ó sì lẹ́wà. Aṣọ náà wọlẹ̀ sínú ara ọkọ̀, wọ́n fi nǹkan bò ó. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti rí àyè? Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fi dí i. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gba ènìyàn mẹ́rin wá di ti ènìyàn méjì. Iná jó ilé iṣẹ́ náà ní ọdún yẹn kan náà, kò sì ju nǹkan bí 700 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe. Ilé iṣẹ́ Karmann ní ìlú Osnabrück, ní tirẹ̀, ní kí ènìyàn mẹ́rin jókòó, kí òrùlé máa sùn níta. Wọ́n fi fóòmù àti aṣọ inú kún òrùlé náà kí òtútù má baà wọlé, wọ́n sì fi gíláàsì gidi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ká a tán, òkìtì aṣọ ńlá ni ó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, bí òrùlé kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Awakọ̀ tí ó bá wo ẹ̀yìn nínú dígí, òkìtì náà ni yóò rí. Síbẹ̀síbẹ̀, láti ọdún 1949 títí di ọdún 1980, Ìjàpá aláṣọ tí Karmann ṣe lé ní 330,000.

Ẹ kò ha rántí òwe? Ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Hebmüller fẹ́ kí ilé ahun gba òrùlé, ni kò bá gba àlejò mọ́. Karmann fẹ́ kí ó gba àlejò, ni òrùlé bá sun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí méjèèjì gbà.

Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́

Ṣùgbọ́n àwọn kan gbìyànjú. Ní ilẹ̀ Faransé, dókítà eyín kan wà tí ń jẹ́ Georges Paulin, tí ó fẹ́ràn yíya àwòrán ọkọ̀ ju yíyọ eyín lọ. Òun ni ó ronú òrùlé irin líle tí yóò rọra wọ inú búùtù lódindi, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1934 lábẹ́ orúkọ Éclipse. Paulin kò dàgbà dé ibi tí yóò ti rí bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe tàn kálẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ láti kọjú ìjà sí Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì yìnbọn pa á ní ọdún 1942.

Ní Amẹ́ríkà, Plymouth ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń ká òrùlé aṣọ sára ọkọ̀ tí ó pọ̀ lọ́jà, ní ọdún 1939. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń ti òrùlé náà lọ síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn ogun, òróró tí a fún mọ́ inú páìpù àti mọ́tò iná mànàmáná gba iṣẹ́ náà. Awakọ̀ á kàn tẹ bọ́tìnnì, òrùlé á sì gbéra. Láti ọdún 1957 sí 1959, Ford ṣe ọkọ̀ Skyliner, tí òrùlé irin rẹ̀ ń ṣẹ́ po, tí ó sì ń wọ inú búùtù, gbogbo ènìyàn a sì máa dúró wò ó. Ó gba mọ́tò púpọ̀ àti wáyà tí ó gùn ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nígbà tí òrùlé bá sì ti wọ búùtù tán, àpótí kékeré kan ní àárín ni ó kù fún ẹrù onílé. Wọ́n tà 48,394, wọ́n sì pa á tì.

Èyí tí ó lẹ́wà jù lójú mi ni Lincoln Continental onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe láti ọdún 1961 sí 1967. Ìdérí búùtù rẹ̀ á ṣí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, aṣọ á wọlé, ìdérí á padé, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé òrùlé wà níbẹ̀ rí. Ẹrù ni yóò sunkún. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ̀ yìí ti so mọ́ ikú ènìyàn kan títí láé. Ọkọ̀ tí Ààrẹ John F. Kennedy wà nínú rẹ̀ ní ìlú Dallas ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, Lincoln ti ọdún 1961 ni, tí wọ́n tún kọ́ fún ìlò Ààrẹ. Ó ní òrùlé ike kan tí ó mọ́ gaara, tí a lè tò kí òjò má baà pa Ààrẹ kí àwọn ará ìlú sì tún rí i. Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dá, ojú ọ̀run sì mọ́, nítorí náà wọn kò fi òrùlé lé e. Ike náà kì í ṣe èyí tí ọta ìbọn kò lè wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ni ìbá gbà á là. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fi òrùlé tí kò ṣeé ṣí mọ́ sára ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú gíláàsì tí ó ń dá ìbọn padà.

Ikú tí kò pa á

Láti ìparí àwọn ọdún 1960, òrùlé aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ amúlétutù ti wọ inú ọkọ̀. Eré ti pọ̀ lójú òpópónà márosẹ̀, ariwo afẹ́fẹ́ sì ń di etí. Àwọn ilé iṣẹ́ sì ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò ṣòfin tí yóò dá ọkọ̀ aláṣọ dúró, nítorí ewu tí ó wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Òfin náà kò dé, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1976, Cadillac ṣe Eldorado aláṣọ tí wọ́n pè ní ìkẹyìn. Ẹgbẹ̀rún 14 ni wọ́n ṣe ní ọdún náà, 200 tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì jẹ́ funfun. Àwọn ènìyàn rà á bí ẹni ń ra ohun ìrántí òkú, wọ́n gbé e pamọ́ kí owó rẹ̀ lè gorí. Nígbà tí Chrysler wá gbé LeBaron aláṣọ jáde ní ọdún 1982, tí Cadillac pàápàá sì dá Eldorado aláṣọ padà fún ọdún 1984, àwọn kan lára wọn bínú, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó padà wá. Ní ọdún 1989, Mazda gbé MX-5 jáde, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí ó jọ ti àwọn ará Bìrìtìkó àtijọ́. Ọwọ́ ni a fi ń ká òrùlé rẹ̀. Ó ní síìpù yí fèrèsé ẹ̀yìn ká. A ó kọ́kọ́ ṣí síìpù náà, a ó tẹ́ ike sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí a tó ti òrùlé sẹ́yìn, kí ike má baà sán. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín ara mi. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti mọ̀ pé irú mi wà láyé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀.

Bí a ṣe ń ká a

Ẹni tí ó ń rán òrùlé ọkọ̀ yọ ike tí mo bàjẹ́ kúrò, ó rán tuntun sí i. Èmi ni mo san owó rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ kọ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí, ó ní kí n wá kọ́ ọ. Ó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń sọ, èmi ń ṣe é. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín fún ẹni tí yóò bá ṣe alábàápàdé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbà. A kì í ká òrùlé tí ó tutù, nítorí omi tí a bá ká mọ́ inú rẹ̀ ni yóò mú kí ó bu, tí yóò sì máa jẹ òwú rẹ̀. A kì í sì í ká a nínú òtútù líle, nítorí òtútù a máa sọ ike di gbígbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Bí ó bá pọn dandan, kí a gbé ọkọ̀ sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀. Ìkejì ni ìmọ́tótó: a ó fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu fèrèsé ike, nítorí yanrìn tí a bá ká mọ́ ọn yóò họ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, a ó tú bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí a tó fọwọ́ kan ìkọ́ iwájú. Bí a bá kọ́kọ́ tú iwájú, gbogbo ipá tí aṣọ fi nà yóò bọ́ sórí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì ya. Lẹ́yìn náà ni a ó tú ìkọ́, a ó gbé etí iwájú sókè, a ó sì ti egungun dé ìdajì ọ̀nà péré. Ibẹ̀ ni kí a ti dúró. Èmi kò dúró ní ọjọ́sí. Ní ìdajì ọ̀nà yìí, aṣọ ti rọ̀; a ó fà á sẹ́yìn kúrò láàárín àwọn egungun, nítorí oríkèé irin dà bí àlùmọ́gàjí, ohun tí ó bá há sí i lẹ́nu ni yóò gé. A ó tẹ́ fèrèsé ike pẹrẹsẹ, a ó fi aṣọ rírọ̀ kan lé e lórí kí ike má baà fara kan ara rẹ̀. Nígbà náà ni a ó tó máa sọ òrùlé náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a ó máa fi ọwọ́ kejì tọ́ àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ sọ́nà. Bí ó bá kọ̀, kí a má tì í. Ó ní ohun tí ó há. Kí a gbé e sókè, kí a wá a. Ní ìkẹyìn, a ó fi aṣọ ìbòrí bò ó, kí atẹ́gùn má baà gbọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo dé ibi aṣọ rírọ̀, mo wo ọ̀tún wo òsì. Ẹ̀gbọ́n na ìró àdìrẹ kan sí mi, ó ti gbó, ó sì ti rọ̀ bí òwú. Ó ní òun ti ń lò ó fún iṣẹ́ náà láti ogún ọdún, kò sì sí aṣọ òyìnbó tí ó dára tó o. Mo tẹ́ ẹ sórí ike, mo sọ òrùlé kalẹ̀, n kò gbọ́ ìró kankan. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó fi ìka rẹ̀ tí kò tọ́ mọ́ yẹ ìṣẹ́po aṣọ náà wò láti òpin kan dé èkejì. Ó wá ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èrò.

A wakọ̀ lọ títí oòrùn fi wọ̀. Ní gbogbo ìrìn àjò náà, òrùlé ń sùn lẹ́yìn wa. Nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èmi náà ni mo jí i.